Ìbọn Kọ́ Ló Yẹ Ká Bẹ̀rù

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Mowe, mo dúró láti ra burẹ́dì, ni ọkùnrin kan bá pariwo mọ́ ìyá tó ń tà á: “Ìyá, ẹ gbé e kúrò lójú mi! Àlìkámà tí wọ́n yìn níbọn ni.” Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, èmi ò rí ọta níbẹ̀ o.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni arákùnrin náà gbọ́.

Lóòótọ́, ìbọn wà, kì í kàn ṣe ìbọn ọdẹ. Àwọn onímọ̀ a fi jíìnì, èròjà tó ń pinnu bí irúgbìn yóò ti rí, pa wúrà kíkúnná lára, wọn a sì fi ẹ̀rọ yìn ín wọ inú ọlẹ̀ àlìkámà. Ọ̀nà kejì ni ti bàkítéríà inú ilẹ̀ kan tó mọ bí a ti í ti jíìnì tirẹ̀ bọ ara ewéko. Wọ́n yọ àrùn kúrò lára rẹ̀, wọ́n wá di ẹrù tí wọ́n fẹ́ lé e lórí.

Èwo ló sàn? Ìbọn lè ti ẹ̀dà jíìnì púpọ̀ wọlé, òmíràn a tilẹ̀ fọ́. Bàkítéríà máa ń fara balẹ̀: ẹ̀dà kan tàbí méjì ló sábà ń fi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlìkámà ṣagídí sí i. Ìbọn ló kọ́kọ́ ṣe é ní Florida, lọ́dún 1992. Ti bàkítéríà di 1997. Méjèèjì ò sì lè yan ibi tí jíìnì yóò jókòó sí. Nítorí náà, irúgbìn tó bá jáde ni ká yẹ̀ wò, kì í ṣe irinṣẹ́.

Àlìkámà HB4 ti Argentina, tí wọ́n fi jíìnì sunflower sí kó lè fara da ọ̀dá, ìbọn ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́dún 2022, Nàìjíríà gbà kí wọ́n kó o wọlé fún jíjẹ. Èmi ò sọ pé òun ló wà nínú burẹ́dì Mowe o. Ẹ̀wà SAMPEA 20-T tó jáde láti Zaria lọ́dún 2019, tó ń pa kòkòrò Maruca, bàkítéríà ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ń sá fún burẹ́dì nítorí ìbọn lè dé Ifo, kó ra ẹ̀wà, kó má bèèrè nǹkan kan!

Ohun tó ń bí mi nínú nìyí: ní Ibafo àti Ifo, kóńgò la fi ń wọn ẹ̀wà, kóńgò ò sì ní àkọlé. Ìyá tó ń tà ò mọ̀, àwa tó ń rà ò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ síwèé, ẹ wá sọ ọ́ lójú ọjà, lédè Yorùbá: kí lẹ fi síbẹ̀? Àyẹ̀wò wo lẹ ṣe? Bó bá dára, àwa gan-an la ó polówó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dẹ́rù bà wá náà, ẹ fi ìbọn sílẹ̀. Ẹrù là ń tú wò. A kì í bá okùn tí wọ́n fi dì í jà.