Fóònù ti di alárenà àwọn ọmọ wa

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo fẹ́ kí á jọ gbé e yẹ̀wò.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún 16 ni, ó wà ní kọlẹ́ẹ̀jì. Kò lè jẹ òkèlè mẹ́ta kó má wo fóònù. Mo bá a wí títí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a níbi tó ti ń sunkún. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ ló ń bínú: ó ti ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí WhatsApp, àmì méjèèjì ti di búlúù, kò sì tètè dáhùn. Ọmọkùnrin náà ní kó ya fọ́tò ibi tó wà ránṣẹ́, kí òun lè gbà pé ọ̀dọ̀ mi ló wà lóòótọ́. Ọmọ yìí wá bi mí pé: "Tátà, ṣé kì í ṣe pé ó fẹ́ràn mi ni?"

Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Láyé àwọn ìyá wa, alárenà ló ń gbé ọ̀rọ̀ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ó ń wádìí ìdílé, ó ń wádìí ìwà, bí ìjà bá dé, òun ló ń là á. Mi ò ní kí á padà sí ayé ìgbà náà, torí a rí àwọn tí wọ́n fún lọ́kọ tí wọn kò fẹ́. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà kan máa ń mọ ohun tó ń lọ. Lónìí, fóònù ló gba iṣẹ́ alárenà. Kò mọ ìwádìí, kò mọ ìlàjà, bí ọ̀rọ̀ bá sì ń bàjẹ́, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan á ní kí á gba fóònù náà. Mo ti ṣe é rí. Ọmọ á yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò, kò sì ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́. Àwa náà ńkọ́? Mélòó nínú wa ni kì í yẹ fóònù ọkọ tàbí ìyàwó wò lójú àwọn ọmọ? Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ṣíṣọ́ ẹni ni ìfẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á sọ fún wọn pé ẹni tó fẹ́ràn rẹ kò ní béèrè kóòdù fóònù rẹ. Ẹ jọ ṣí WhatsApp, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "Appareils connectés" sí. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tí ẹ kò mọ̀ níbẹ̀, ẹnìkan lè máa ka ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Bí ẹnìkan bá ń fi fọ́tò ìhòòhò dẹ́rù bà á, kó má sanwó, kó má pa àwọn ìránṣẹ́ náà rẹ́, torí ẹ̀rí ni wọ́n. Ní Bẹ̀nẹ̀, Code du numérique ti ọdún 2018 ka fífi ìránṣẹ́ orí ẹ̀rọ dààmú ènìyàn sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n òfin kò lè ran ọmọ tó ń bẹ̀rù àtisọ fún wa lọ́wọ́. Bí ó bá sọ, ẹ má fi èébú bẹ̀rẹ̀.

Mi ò bú ọmọkùnrin yẹn. Mo kàn bi ọmọ mi pé: "Nígbà tí orúkọ rẹ̀ bá yọ lórí fóònù, ṣé inú rẹ máa ń dùn ni, àbí àyà rẹ máa ń já?" Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní: "Ó máa ń já, Tátà." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Wọ́n mọ fóònù jù wá lọ, àwa sì mọ ohun tí ọkàn ènìyàn ń rí. Ẹ̀yin òbí, bí àyà ọmọ yín bá ń já lóru òní, ta ni yóò sọ fún?