Faransé Ò Jí Ọmọ Wa Gbé, Àwa La Tì Í Jáde

Ẹ̀yin Kábíyèsí wa, ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin ìyálóde, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pobè, ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu, mo dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó jù mí lọ kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí yóò korò lẹ́nu díẹ̀.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ẹnì kan nínú wa dìde, ó ní Faransé ti kó àwọn ọmọ wa lọ tán, ó sì dárúkọ Isabelle Yacoubou. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, a dé orí ọ̀rọ̀ owó ọdún yìí. Ilé kan náà ní kí a yọ owó ẹgbẹ́ baskẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọbìnrin kúrò nínú ìwé, kí a fi kún owó aṣọ ẹgbẹ́ tí a óò wọ̀ ní ọjọ́ ọdún. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Mo délé, oorun ò kùn mí, ni mo bá mú kálámù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Godomey lẹ́bàá Kútọnu ni wọ́n bí Isabelle Yacoubou sí, ní oṣù kẹrin ọdún 1986. Mi ò sọ pé ọmọ Kétu ni tàbí ọmọ Ṣábẹ. Ọmọ orílẹ̀-èdè wa ni, ìyẹn ti tó. Ó ga tó mítà 1,90, abẹ́ apẹ̀rẹ̀ gan-an sì ni ipò rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi èjìká gbún ara wọn. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi dé Tarbes, ìlú kan ní gúúsù Faransé. Ní 2010, Tarbes gba ife líìgì Faransé. Ó kọjá sí Ros Casares ní Valencia, ní Sípéènì, wọ́n sì gba ife àwọn ẹgbẹ́ tó lágbára jù ní Yúróòpù ní 2012. Ó gbá fún Schio ní Ítálì, ó gbá fún Galatasaray ní Tọ́kì.

Aṣọ Faransé ló wọ̀. Wọ́n gba wúrà Yúróòpù ní 2009, idẹ ní 2011, fàdákà ní 2013, nígbà tí Sípéènì fi àmì kan péré borí wọn, 70 sí 69. Ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, wọ́n gba fàdákà Òlíńpíìkì, àkọ́kọ́ tí àwọn obìnrin Faransé gbà nínú baskẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ wa ló bí i, orin ìbílẹ̀ Faransé ni wọ́n sì kọ fún un nígbà tí wúrà dé.

Ẹ ní wọ́n jí i gbé. Jíjí gbé kẹ̀? Ní 1886, ogun Dàhòmì wọ Kétu, wọ́n jó ìlú, wọ́n kó ìyá kó ọmọ lẹ́rú lọ. Ìyẹn là ń pè ní jíjí gbé. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Isabelle, kò sì sí ogun kankan tó kó o. Ẹni tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí aládùúgbò gbé e wọlé, tó fún un lóúnjẹ, tó fún un ní bàtà, ṣé ó lè wá pe aládùúgbò lólè?

Àwọn kan á ní, "Baba, kò bá àṣà wa mu kí ọmọbìnrin wọ ṣòkòtò péńpé, kó máa fò sókè níwájú ọkùnrin." Ẹ dákun, ta ló ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́? Ní 2001 tí UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun iyebíye aráyé, a jó, a yọ̀. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin, tó ń so ọmú onígi mọ́ àyà, kó lè bọlá fún àwọn ìyá wa. Àṣà tó gba bàbá ọlọ́mọ láyè láti gbé ọmú onígi jó láàárín ọjà, ṣé òun náà ni yóò bínú sí orúnkún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá? Ẹ má fi àṣà bo ẹnu. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́.

Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ ìjọba ni. Mo ṣe iṣẹ́ ìjọba títí mo fi fẹ̀yìn tì, n ò ní gbèjà ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ti kọ́ pápá sí àwọn kọmúúnù kan, ó sì ti dá kíláàsì eré ìdárayá sílẹ̀ ní àwọn ilé-ìwé kan. Ẹ lọ wo pápá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́: ọmọkùnrin ló kún ibẹ̀. Níbo ni àwọn ọmọbìnrin wà? Wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń ta àkàrà, wọ́n ń fọ aṣọ ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìjọba kọ́ ló rán wọn. Àwa ni.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tèmi, kí ẹ má baà rò pé orí òkè ni mo dúró sí. Ọmọ mi obìnrin, ẹgbẹ́ Isabelle yìí ni. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ bọ́ọ̀lù. Olùkọ́ eré ìdárayá rẹ̀ wá bá mi nílé lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n mú ọmọ yìí lọ sí ìdíje ní Kútọnu." Mo ní n ò rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé kó lọ máa ju bọ́ọ̀lù. Mo gba bàtà rẹ̀, mo fi fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Àbúrò náà ò gbá nǹkan kan títí dòní. Ọmọ mi ń ṣòwò, kò ráhùn. Ṣùgbọ́n ní 2024, a jọ ń wo àwọn obìnrin Nàìjíríà ní Paris, nígbà tí wọ́n di ẹgbẹ́ baskẹ́ẹ̀tì Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíńpíìkì. Ó wo tẹlifísọ̀n títí, ó ní, "Bàbá, èmi náà mọ̀ ọ́n gbá." Ó dìde, ó wọ yàrá. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó bá ń bú Faransé.

Ẹ má sọ pé òtòṣì ni wá. Màlì ò lówó jù wá lọ. Hamchétou Maïga, ọmọ Bamako, gba ife WNBA ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú Sacramento ní 2005, aṣọ Màlì ló sì wọ̀ nígbà tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní Dakar ní 2007, tí wọ́n sì lọ sí Òlíńpíìkì Beijing ní 2008. Ilé ló ní ẹgbẹ́ tó ń dúró dè é, ló ṣe padà wálé wá gbá. Ta ló ń dúró de tiwa?

Òótọ́ kan wà tí n ò ní fi pamọ́. Iṣẹ́ yìí ò ní ìdánilójú. Ọdún 2012 tí Ros Casares gba ife Yúróòpù gan-an ni wọ́n tú ẹgbẹ́ ńlá náà ká nítorí owó. Orúnkún lè yẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó parí. Nítorí náà, ìwé àti bọ́ọ̀lù ni kí ọmọ máa gbé pọ̀. Ẹni tó ní BEPC, tó ní bọ́ọ̀lù, ọ̀nà méjì ló ní. Ẹni tí a gba bàtà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan ti dínkù.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ìpàdé tó ń bọ̀ dá owó àwọn ọmọbìnrin padà sínú ìwé. Aṣọ tọdún tó kọjá kò tíì gbó. Kí àwọn ọba àti ìjòyè wa pàṣẹ pé ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, láti aago mẹ́rin sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin tó bá ń lọ sí pápá, kí a má rán an níṣẹ́. Kí olúkúlùkù bàbá tí olùkọ́ bá wá bá nílé sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó tó fèsì.

Àkàbà Ìdẹ̀nà tí àwọn baba ńlá wa kọ́ sí Kétu, ogun ni wọ́n fi ń dènà. Wọn ò kọ́ ọ láti fi dènà ọmọbìnrin.

Ẹni tó bá ní èsì, kó dìde ní ìpàdé. Màá wà níbẹ̀, ọmọ mi yóò sì jókòó tì mí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àná, ọmọ ẹgbẹ́ yín