Oògùn Tí Ọpọlọ Gbà, Tí Inú Kọ̀

Ní ọdún 1997, èsì ìdánwò kan jáde tó yẹ kó múnú ilé-iṣẹ́ Eli Lilly ti ìlú Indianapolis dùn. Xanomeline ni orúkọ oògùn náà, àwọn ènìyàn 343 tí àrùn ìgbàgbé Alzheimer ń bá jà ni wọ́n sì fi dán an wò. Ara àwọn tó ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, tí wọ́n ń fura sí ará ilé, tí wọ́n ń jágbe láìnídìí, bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ò gbà á. Nínú àwọn tó lo èyí tó pọ̀ jù, 52 nínú 100 ló pa oògùn náà tì nítorí ohun tó ń fi ara wọn ṣe. Bí wọ́n ṣe gbé e jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí alárùn ọpọlọ bá kọ oògùn, ará ilé á ní olóríkunkun ni. Ẹ̀sùn náà kò tọ́. Ìwádìí CATIE ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2005, fi hàn pé 74 nínú 100 àwọn tó ní àrùn schizophrenia ni kò lo oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún wọn pé oṣù 18. Àwọn kan ní kò ràn wọ́n, àwọn kan ní ara àwọn ò gbà á. Ẹni tí oògùn ń mú sanra, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí oríkèé rẹ̀ ń le, ó ní ẹjọ́ tó lè rò.

Láti 1952 tí àwọn dókítà ní Paris ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi chlorpromazine tọ́jú aláìsàn, orí kẹ́míkà ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine ni iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo oògùn schizophrenia dá lé. Xanomeline gba ọ̀nà mìíràn: ó ń lọ bá àwọn risẹ́pítọ̀ M1 àti M4, àwọn ojú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń gba iṣẹ́ tí acetylcholine bá jẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn ìbátan risẹ́pítọ̀ wọ̀nyí wà nínú ìfun àti ní ibi tí itọ́ ti ń sun. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n rọ fún yàrá kan wá ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn ilé.

Andrew Miller, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Karuna ní Boston, ló rí ọgbọ́n dá sí i, ọgbọ́n náà ò sì le rárá. Ó fi trospium kún un, oògùn àtijọ́ fún àwọn tí ìtọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Trospium fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè wọ ọpọlọ. Inú ara ló ń dúró sí, tó ń dí xanomeline lọ́wọ́ níbẹ̀. Nínú ìdánwò ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n gbé jáde ní 2021, àwọn aláìsàn schizophrenia 182 ló kópa. Òṣùwọ̀n tí dókítà fi ń mọ bí àìsàn náà ṣe le tó fi 17.4 wálẹ̀ lára àwọn tó lò ó, ó fi 5.9 wálẹ̀ lára àwọn tó gba oògùn asán. Èébì àti àìlèyàgbẹ́ ṣì wà o, ṣùgbọ́n iye àwọn tó fi ìdánwò sílẹ̀ ní ìhà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ní tiwa, iye yìí gan-an ló jọni lójú jù.

Ilé-iṣẹ́ oògùn Bristol Myers Squibb gbà láti fi bílíọ̀nù 14 dọ́là ra Karuna, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà pẹ̀lú orúkọ Cobenfy. Ariwo ayọ̀ pọ̀. Kò pé oṣù méjì tí emraclidine ti ilé-iṣẹ́ AbbVie, tí òun náà dojú kọ M4, fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Ní 2025, wọ́n fi Cobenfy kún oògùn tí àwọn aláìsàn ti ń lò tẹ́lẹ̀, èsì rẹ̀ kò tó ohun tí wọ́n ń retí. Owó rẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bí 1,850 dọ́là lóṣù ni wọ́n kọ́kọ́ dá lé e ní Amẹ́ríkà. Owó náà lè lé aláìsàn kúrò nídìí oògùn bí èébì ṣe ń lé e.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí wọ́n fi ṣe ìdánwò 2021 kéré fún àìsàn tí ènìyàn lè bá dàgbà, bá darúgbó. Kí àwọn tó ń ta Cobenfy ka iye ẹni tó ṣì ń lò ó lẹ́yìn oṣù 18, bí CATIE ti ṣe, kí wọ́n sì kọ ọ́ sókè ju òṣùwọ̀n 17.4 lọ nínú ìwé tí wọ́n ń fún dókítà.