James Anderson: ṣé ara ló kọ̀ ọ́, àbí ọjọ́ orí ni wọ́n wò?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ọkùnrin ọmọ ọdún 41 tó ṣì ń sáré ju bọ́ọ̀lù líle nínú ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún, tó ṣì ń lé àwọn tó lè bí lọ́mọ kúrò lórí pápá, ṣé ẹ máa ní kó lọ sinmi, àbí ẹ máa fi í sílẹ̀ kó máa báṣẹ́ lọ?

Ìbéèrè tó délẹ̀ fún England nìyẹn ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Ben Stokes tó jẹ́ kápútéènì, kóòṣì Brendon McCullum àti Rob Key tó jẹ́ ọ̀gá wọn pàdé James Anderson ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Manchester. Wọ́n ní Ashes, ìyẹn ìdíje England àti Ọsirélíà, ń bọ̀ ní ìparí 2025, àwọn sì fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀ dè é. Anderson á ti pé 43 nígbà yẹn. Ó gbá ẹyọ kan sí i ní Lord's ní oṣù keje, ó sì dágbére.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan lẹ mọ̀, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù bá ti lé ẹni tó di igi mú jáde, ó ti gba wíkẹ́ẹ̀tì kan nìyẹn. Anderson gba 704 nínú ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún, èyí tí wọ́n ń pè ní Test. Àwọn méjì péré ló jù ú lọ láyé: Muttiah Muralitharan tó gba 800 àti Shane Warne tó gba 708. Bọ́ọ̀lù tó ń rọra yí làwọn yẹn ń jù o. Nínú àwọn tó ń sáré jù ú, òun lẹni àkọ́kọ́ tó dé 700.

Iṣẹ́ yìí sì ń pa ara. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lèèyàn fi ń balẹ̀ gbì, ẹ̀yìn á tẹ̀, ejìká á yí, ó di àìmọye ìgbà lóòjọ́. Egungun ẹ̀yìn Anderson fúnra rẹ̀ sán ní 2006. Lẹ́yìn Ife Àgbáyé 2015, kò gbá ìdíje ọlọ́jọ́ kan fún England mọ́, Test nìkan ló gbájú mọ́. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà tó gba wíkẹ́ẹ̀tì 500, ní oṣù kẹsàn-án 2017. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún gba 204!

Kí ló ń lò? Kì í ṣe agídí eré. Bíi kìlómítà 130 ní wákàtí kan ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń sá ní ìgbẹ̀yìn, nígbà tí àwọn bíi Mark Wood àti Jofra Archer ń kọjá 145. Ohun tó mọ̀ ni bí bọ́ọ̀lù ṣe ń yà lójú afẹ́fẹ́. Wọ́n á máa nu ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ọ̀lù kó lè máa dán, ẹ̀gbẹ́ kejì á máa gbó. Anderson á wá jù ú, á yà wọlé. Á ju òmíràn tó jọ ọ́, á yà jáde, ẹni tó di igi mú á dẹ̀ dàrú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ní 2022, ó gba wíkẹ́ẹ̀tì 36, ayò tí wọ́n jẹ lórí rẹ̀ kò pé 20 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kejì 2023, ó di ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù Test lágbàáyé, lọ́mọ ọdún 40. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ashes dé: Test mẹ́rin, wíkẹ́ẹ̀tì márùn-ún, ayò tó lé ní 85 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Íńdíà ní 2024, Test mẹ́rin, wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, ayò tó lé ní 33. Nítorí náà, mi ò bá àwọn tó ń sọ pé orí òkè téńté ló wà nígbà tí wọ́n ní kó lọ gbà. Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n tiẹ̀ ní ẹjọ́ tó ṣeé gbọ́. Bọ́ọ̀lù Kookaburra tí wọ́n ń lò ní Ọsirélíà kì í pẹ́ tí kò fi ní yà mọ́. Ẹni tó ń sáré gan-an ló wúlò níbẹ̀. Ní Lord's yẹn náà, Gus Atkinson, ọmọ ọdún 26 tó ń gbá Test rẹ̀ àkọ́kọ́, gba wíkẹ́ẹ̀tì 12. Anderson gba mẹ́rin. Bí àgbà ò bá dìde, ibo lọmọ fẹ́ jókòó sí?

Àmọ́ nígbà tí Ashes ọ̀hún dé, Ọsirélíà nà wọ́n 4-1. Ta ló sì yọ wọ́n lẹ́nu jù? Mitchell Starc, ọmọ ọdún 35, tó gba wíkẹ́ẹ̀tì 31. Òun náà ló gba mẹ́fà ní Jamaica ní oṣù keje 2025, nínú Test rẹ̀ tó di 100, tí wọ́n jẹ ayò mẹ́sàn-án péré lórí rẹ̀, tí gbogbo West Indies kó jáde pẹ̀lú ayò 27. Òótọ́ ni pé 35 kì í ṣe 43. Ṣùgbọ́n ká ní kàlẹ́ńdà ni Ọsirélíà ń wò, ṣé Starc á dé Ashes yẹn?

Ojú tèmi rèé. England ò ṣe burúkú bí wọ́n ṣe ní Anderson ò ní bá wọn lọ sí Ọsirélíà. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé wọ́n tún fìyẹn gba pápá ilé, níbi tí bọ́ọ̀lù ti ń yà dáadáa, lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbá díẹ̀ nílé, kí àwọn ọmọ máa kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Òun alára ò tíì jókòó o. Ní 2025, wọ́n kéde pé ó ti di Sir James, ọdún yẹn kan náà ló padà gbá T20 fún Lancashire, ohun tí kò ṣe láti 2014. Ẹ̀yin ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Stokes, kí lẹ máa sọ fún un ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn?