Bí Ọmọ Bá Ya Àwòrán, Ẹ Má Kàn Sọ Pé "Ó Dára"

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́ la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹyin, ọsàn àti iṣu wà nínú rẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, tó wà ní kíláàsì kejì girama, gbé ìwé àwòrán rẹ̀ wálé lọ́jọ́ kan tòun ti omijé. Wọ́n ní kí wọ́n ya ọsàn. Olùkọ́ rẹ̀ fún un ní máàkì 3 nínú 10, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ọmọ ní òun ò ya àwòrán mọ́ láéláé. Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi náà ti rí àwòrán yẹn lálẹ́ tó ṣáájú, mo sì ti sọ pé ó dára gan-an, láì gbójú kúrò lára ẹ̀fọ́ tí mò ń já. Nínú èmi àti olùkọ́, ta ló ràn án lọ́wọ́?

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ bọ̀dá kan ládùúgbò wa tó máa ń kọ pátákó fáwọn onísọ́ọ̀bù. Bọ̀dá wo ìwé náà títí, ó ní, "Òbìrìkítí lo yà yìí, o ò tíì ya ọsàn." Ó ní ohun tá a ti mọ̀ la máa ń yà, kì í ṣe ohun tójú wa ń rí. Ó ní ká lọ gbé ẹyin funfun kan sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, ká pa iná, kí ìmọ́lẹ̀ má ṣe ti ọ̀nà méjì wá.

Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ibi tó kọjú sí fèrèsé yóò funfun, ẹ má fi pẹ́ńsùlù kàn án. Bí ara ẹyin ṣe ń yí kúrò níbẹ̀ ni yóò máa ṣú díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá tó ṣókùnkùn dáadáa: etí rẹ̀ gan-an kọ́ ló dúdú jù. Ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí tábìlì ló ta padà sí abẹ́ ẹyin, tó jẹ́ kí etí ibẹ̀ mọ́ díẹ̀. Òjìji rẹ̀ sì dúdú jù níbi tí ẹyin ti fara kan tábìlì. Ẹni tó bá fi sùúrù tẹ̀ lé èyí, ẹyin orí ìwé rẹ̀ yóò ṣe bí ẹni pé èèyàn lè fọwọ́ gbé e. Pẹ́ńsùlù HB dára fún ibi tó mọ́, 2B tàbí 4B fún ibi tó dúdú. Ìwé kàlẹ́ńdà tó ń dán kò dára, pẹ́ńsùlù kì í mú un.

Ẹyin mẹ́jọ lọmọ yìí yà kó tó padà sórí ọsàn. Ara ọsàn ní ihò wẹ́wẹ́, ló bá fi tótòtó kún gbogbo rẹ̀, ọsàn wá dà bí ẹni tí ìgbóná bò! Bọ̀dá ní níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti mú jù, ihò yẹn kì í hàn. Níbi tó ṣú jù, kì í hàn. Àárín méjèèjì ni kó fi wọ́n sí.

Èmi náà kọ́ ohun tí mo lè máa sọ. Mo máa ń gbé ìwé náà jìnnà, tàbí kí n wò ó nínú dígí, torí dígí kì í fi ohun tó wọ́ pa mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa bi í pé, "Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀?" Àléébù kan ṣoṣo la máa ń mẹ́nu bà lójúmọ́. (Bí ọmọ bá ń fi ojú lé ìwé jù, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é níṣẹ́ ọ̀lẹ. Àìná Ọnàbólú, tí wọ́n bí n'Ijẹ̀bú-Òde ní 1882, ti ń ya àwòrán èèyàn dáadáa fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ó lọ sí Lọ́ńdọ́nù ní 1920 kí wọ́n lè kọ́ ọ sí i, kó tó wá di olùkọ́ àwòrán láwọn ilé-ẹ̀kọ́ l'Ékòó.

Iṣu ló kàn báyìí, pẹ̀lú gbogbo irun ara èèpo rẹ̀. Mo ti ní kó tètè yà á, torí iṣu tá a máa gún lọ́jọ́ Àìkú ni.