Pàṣán Ìyálé, Pàṣán Ìyàwó: Ẹ̀fẹ̀ Owó nínú Ìwé The Mandibles

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Òwe yìí ló yẹ kó jẹ́ òṣùwọ̀n fún ìtàn ẹ̀fẹ̀ tó bá dá lórí owó tuntun tó fẹ́ gbapò owó àtijọ́. Ọ̀kan nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni The Mandibles, tí Lionel Shriver, òǹkọ̀wé obìnrin ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2016. Ìwé náà dùn ún kà, ó sì kún fún ọgbọ́n, ṣùgbọ́n ìyálé nìkan ni ó nà dáadáa.

Ọdún 2029 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, ní ìlú New York. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dá owó kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní bancor, wọ́n sì kẹ̀yìn sí dọ́là. Ààrẹ Alvarado fárígá: ó ní Amẹ́ríkà kò ní san gbèsè tó jẹ mọ́, ó sì pàṣẹ kí aráàlú kó wúrà wọn wá, títí kan òrùka ìgbéyàwó. Ogún tí ìdílé Mandible ti ń retí láti ọjọ́ pípẹ́ di òfo.

Ọgbọ́n Shriver ni pé ilé ìdáná ni ó gbé ètò ọrọ̀-ajé wọ̀. Iye kábéèjì lọ́jà àti ọ̀wọ́n tíṣù ilé ìyàgbẹ́ ni òǹkàwé fi ń mọ̀ pé ìlú ti dàrú. Ìfìwàwẹ̀dá rẹ̀ náà gbámúṣé. Lowell jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ó sì ń ṣàlàyé ṣáá pé nǹkan yóò dára. Willing, ọmọ ọ̀dọ́langba, ni ó rí i pé iná ti jó dé orí òrùlé.

Kì í ṣe irọ́ lásán ni gbogbo èyí. Ní ọdún 1933, Ààrẹ Roosevelt pàṣẹ kí àwọn ará Amẹ́ríkà kó owó wúrà wọn fún ìjọba. Keynes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ́kọ́ dábàá bancor; ìpàdé Bretton Woods ti ọdún 1944 kò gbà á, dọ́là ni wọ́n gbé gorí àlééfà. Òǹkàwé tó wà ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà bébà wọ́n bí ojú, tí ẹni tó lówó ní báńkì kò rí èyí tí yóò fi ra búrẹ́dì, kò ní pe ìtàn yìí ní àsọdùn.

Ibo wá ni àbùkù ìwé náà wà? Nígbà tí ìtàn dé ọdún 2047, ìjọba ti ń fi ẹ̀rọ bíńtín sí ara ènìyàn láti máa ṣọ́ gbogbo kọ́bọ̀ tó ń wọlé fún un. Ẹ̀fẹ̀ ibẹ̀ mú bí abẹ. Àmọ́ nígbà tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn sá dé Nevada, ìpínlẹ̀ tó ti ya kúrò, tó sì ń ná owó tó fẹ̀yìn ti wúrà, pàṣán òǹkọ̀wé rọ̀. Ìyà kò tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyìn bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ irú ìlérí Nevada ni àwọn alátìlẹyìn Bitcoin ti ń ṣe láti ọdún 2009: owó tí ìjọba kankan kò lè tẹ̀ ní àtẹ̀jù. Ìlérí náà ní ìtumọ̀, nítorí ìjọba ti ba owó jẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, FTX, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò kírípítò, wó lulẹ̀. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ rán olùdásílẹ̀ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n ọdún 25 nítorí ó lu àwọn oníbàárà ní jìbìtì. Ìjọba kọ́ ló kó owó wọn lọ.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tó bá mú ìwé yìí wọ kíláàsì bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè kan: nínú owó àtijọ́ àti owó tuntun, ta ni ó di okùn àpò mú? Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ bí a ti ń bi ìwé ní ìbéèrè yìí yóò mọ bí a ti ń bi ẹni tó wá polówó kírípítò fún un. Àjà ni kí pàṣán wà, kí ọwọ́ sì tó o, ìbáà ṣe ìyálé, ìbáà ṣe ìyàwó ni ó ṣẹ̀.