Àlejò Tí Ó Fi Àgbá Kan Ilẹ̀kùn

Àríyànjiyàn kan bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lẹ́yìn ìpàdé tí ó kọjá, a sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹ̀ka gbọ́ ọ. Àwọn kan ní nínú gbogbo ìránṣẹ́ tí ìjọba kan rán sí ìjọba mìíràn, kò sí ẹni tí ó gbọ́n tó Matthew Perry, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tí ó mú kí ilẹ̀ Jàpáànì ṣílẹ̀kùn ní ọdún 1854. Wọ́n ní kò pa ẹnikẹ́ni, kò sì jó ilé ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa kò lè pe iṣẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ ọ̀rẹ́.

Ilẹ̀kùn náà ti wà ní títì fún ohun tí ó ju 200 ọdún lọ. Ní 1639 ni àwọn aláṣẹ Jàpáànì lé àwọn Pọtogí kúrò pátápátá, nítorí ìbẹ̀rù ẹ̀sìn wọn àti ohun tí ẹ̀sìn náà lè bí. Wọ́n ti ṣòfin pé ọmọ ilẹ̀ tí ó bá lọ sí ìdálẹ̀ tí ó sì padà wálé, pípa ni. Nínú gbogbo òyìnbó, àwọn Dọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n gbà, àwọn yẹn pàápàá, erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Dejima, ní èbúté Nagasaki, ni wọ́n há wọn mọ́ bí adìẹ inú àgò. A kò ní dá wọn lẹ́bi. Onílé ló ni ilé.

Amẹ́ríkà ní ohun tí ó ń wá. Àwọn ọkọ̀ tí ń pa ẹja àbùùbùtán máa ń fọ́ sí etí òkun Jàpáànì, wọn a sì ti àwọn atukọ̀ wọn mọ́lé. Àwọn ọkọ̀ tí ń fi iná rìn ń fẹ́ èédú lójú ọ̀nà Ṣáínà. Ní 1846 wọ́n rán James Biddle lọ pẹ̀lú ọkọ̀ 2. Biddle fi pẹ̀lẹ́ ṣe é, ó jẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ gun ọkọ̀ òun. Níkẹyìn ọmọ-ogun kan taari rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó máa lọ. Perry gbọ́ ìtàn yìí, ó fi sọ́kàn.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 1853 ni ó wọ Uraga, ní ẹnu ọ̀nà Edo tí ń jẹ́ Tokyo lónìí, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun 4. 2 nínú wọn ń tú èéfín. Ọkọ̀ dúdú ni àwọn ará Jàpáànì pè wọ́n. Perry kò jáde sí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sínú yàrá rẹ̀, ó ní ẹni tí ipò rẹ̀ bá tó tòun nìkan ni òun yóò rí. Wọ́n ní kí ó lọ sí Nagasaki. Ó ní òun kò lọ, bí wọn kò bá gba ìwé Ààrẹ òun, òun yóò fi ọmọ-ogun gbé e gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ 14 wọ́n gbà á ní Kurihama. (Ààrẹ Fillmore tí ó kọ ìwé náà ti fi oyè sílẹ̀ láti oṣù Kẹta, ìwé rẹ̀ ṣì ń dẹ́rù ba ènìyàn.) Perry ní òun ń bọ̀ wá gba èsì ní ọdún tí ń bọ̀, ọkọ̀ òun yóò sì pọ̀ ju èyí lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yìn ín, bí àlejò bá dúró lẹ́nu ọ̀nà yín tòun ti àdá, tí ó ní òun kò ní fi ṣe yín ní nǹkan kan bí ẹ bá ti ṣílẹ̀kùn, ṣé ẹ ó wí fún ọmọ yín pé àlejò jẹ́jẹ́ ni? Àwọn bàbá wa tí ó kọ́kọ́ dé ìlú tí a wà yìí kò wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n béèrè ilé olórí àdúgbò, wọ́n gbé obì dání, wọ́n sì dúró de èsì.

Perry padà ní oṣù Kejì 1854. Ó kó ẹrù wá: ọkọ̀ rélùwéè kékeré tòun ti irin rẹ̀, wáyà tẹligíráàmù, ọtí, ìbọn. Ìjòyè Jàpáànì kan gun orí ọkọ̀ rélùwéè náà, ẹ̀wù rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àwọn náà fún un ní aṣọ sẹ́dà, wọ́n sì mú àwọn abẹ́ṣẹ́-ìjàkadì wọn tí ó sígbọnlẹ̀ wá gbé àpò ìrẹsì níwájú àwọn àlejò. Ọlọ́jà kò ní béèrè ohun tí ẹrù Perry jẹ́. Ìtọ́wò ni.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 1854 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé ní Kanagawa. Èbúté 2, Shimoda àti Hakodate, ṣí sílẹ̀ fún igi, omi, oúnjẹ àti èédú. Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn wá jù lọ wà ní ìpín 11. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà lè fi ajẹ́lẹ̀ sí Shimoda lẹ́yìn oṣù 18 bí èyíkéyìí nínú ìjọba méjèèjì bá rí i pé ó yẹ. Èdè Jàpáànì ní bí ìjọba méjèèjì bá rí i pé ó yẹ. Èdè Dọ́ọ̀ṣì ni àwọn ògbufọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rìn jìnnà tó kí ó tó dé etí ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí Townsend Harris dé ní oṣù Kẹjọ 1856 pé òun ni ajẹ́lẹ̀, ẹnu ya àwọn onílé. Kò lọ. Ní 1858 ó gba àdéhùn òwò lọ́wọ́ wọn, èyí tí ó ní kí ajẹ́lẹ̀ Amẹ́ríkà máa dá ẹjọ́ ọmọ Amẹ́ríkà lórí ilẹ̀ Jàpáànì, tí ó sì so ọwọ́ Jàpáànì lórí owó ibodè. 1911 ni wọ́n tó gba àṣẹ owó ibodè wọn padà tán.

Àwa tí a ń kọ ìwé ẹgbẹ́ kò lè ka ìpín 11 yìí kí a sùn. Mélòó nínú wa ni ó ti tẹ àtàǹpàkò sí ìwé ṣọ́ọ̀bù tàbí ìwé ilẹ̀ tí a kọ ní èdè tí kò gbọ́, tí ògbufọ̀ ẹni tí ó ni ilẹ̀ sì ni ó túmọ̀ rẹ̀ fún un? A fẹ́ kí ìgbìmọ̀ yan ènìyàn 2 tí yóò máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sétí ọmọ ẹgbẹ́ kí ó tó tẹ̀ ẹ́, láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí. Ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sá, Akíntóyè sì tọwọ́ bọ ìwé ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní 1852. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni, òwò ẹrú sì burú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹjọ 1861, nígbà tí Dòsùmú tọwọ́ bọ ìwé tí ó fi Èkó fún wọn, ọkọ̀ ogun Prometheus wà nínú ọ̀sà. Lọ́jọ́ náà wọn kò yin àgbá lu ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń wí nípa Perry gan-an nìyẹn.

Wọ́n á ní Jàpáànì jèrè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn 1868 wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n la ojú irin, wọ́n rán ọmọ wọn lọ sí òkè òkun. Èrè tí ẹni tí a fipá jí lójú oorun bá jẹ, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi wá a. Wọ́n sì kọ́ ẹ̀kọ́ Perry pẹ̀lú: ní 1875 ọkọ̀ ogun Jàpáànì lọ yin àgbá ní etí òkun Kòréà, ilẹ̀ tí ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ bí tiwọn, ní oṣù Kejì 1876 Kòréà sì tọwọ́ bọ ìwé ní Ganghwa. Kò tíì pé ọdún 22 sí ti Kanagawa.

Ẹni tí ó bá ní èsì, kí ó kọ ọ́ wá fún akọ̀wé kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó kò.